Bí a ṣe ń fi ìṣirò díwọ̀n kọ́tàbáàkì yunifásítì ní Amẹ́ríkà

Nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, kọ́tàbáàkì ni ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ rẹ̀, yáàdì sì ni a fi ń díwọ̀n bó ṣe gbé e síwájú tó. Lọ́dún 2003, B.J. Symons ti Texas Tech ju bọ́ọ̀lù títí ó fi kó 5,833 yáàdì jọ. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, Jayden Daniels ti LSU kó 3,812 péré jọ. Ẹni tó bá ń fi àpapọ̀ yáàdì to àwọn kọ́tàbáàkì sípò, bí ọ̀pọ̀ alárìíyànjiyàn orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe máa ń ṣe, á ní Symons ló lé téńté. Ṣùgbọ́n ìgbà 719 ni Symons ju bọ́ọ̀lù kó tó rí ohun tó rí, nígbà tí Daniels ju tiẹ̀ ní ìgbà 327. Ẹ pín in: Symons rí yáàdì 8.1 lórí jíjù kan, Daniels rí 11.7. Daniels náà ló gba Heisman ọdún yẹn, ìyẹn àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù yunifásítì tó dára jù.

Lábẹ́ olùkọ́ni Mike Leach, jíjù ni Texas Tech ìgbà náà ń fi jẹun, kò sí bí yáàdì ò ṣe ní pọ̀. Ohun tí àpapọ̀ yáàdì ń sọ kò ju iye ìgbà tí olùkọ́ni fún ọmọ náà láyè lọ. Ohun tí àwa ń wá ni èyí: ní gbogbo ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá dé ọwọ́ rẹ̀, kí ló ń mú jáde, èló nínú rẹ̀ ló sì jẹ́ tiẹ̀?

Ohun tí ẹ máa kọ sílẹ̀

Ẹ ṣí Excel tàbí Google Sheets. Ìdíje kọ̀ọ̀kan, ìlà kan. Ẹ lọ sí ojú ìwé ìdíje náà lórí ESPN tàbí Sports Reference, kí ẹ kọ nǹkan wọ̀nyí: jíjù tó délé, ìyẹn èyí tí ará ilé rẹ̀ gbá mú (A), gbogbo jíjù (B), yáàdì (C), touchdown, ìyẹn gbígbé bọ́ọ̀lù dé ìpẹ̀kun pápá alátakò (D), ìjágbà, ìyẹn jíjù tí alátakò gbà mọ́ ọn lọ́wọ́ (E), iye sack, ìyẹn ìgbà tí wọ́n gbé e ṣubú kó tó rí bọ́ọ̀lù jù (F), yáàdì tí sack gbà lọ́wọ́ rẹ̀ (G). Lẹ́yìn náà, ẹ kọ iye ìgbà tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sáré pẹ̀lú bọ́ọ̀lù, yáàdì rẹ̀, touchdown rẹ̀, àti bọ́ọ̀lù tó já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tí alátakò sì gbé.

Sack ló máa ń fún èèyàn níṣòro. Kì í sábà sí lórí ìlà kọ́tàbáàkì fúnra rẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn adènà ẹgbẹ́ kejì ni ẹ ti máa rí i, lábẹ́ orúkọ ẹni tó gbé e ṣubú. Bí kọ́tàbáàkì méjì bá gbá nínú ìdíje kan náà, àròpọ̀ yẹn kò wúlò mọ́. Ẹ ní láti lọ sí àkọsílẹ̀ eré kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa kà á níkọ̀ọ̀kan.

Máàkì NCAA, àti ibi tó ti ń tanni

Láti ọdún 1979 ni NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá yunifásítì ní Amẹ́ríkà, ti ń lo máàkì yìí, òun sì ni ẹ máa bá pàdé jù. Yáàdì lọ́nà 8.4, ẹ fi touchdown lọ́nà 330 kún un, ẹ fi jíjù tó délé lọ́nà 100 kún un, ẹ yọ ìjágbà lọ́nà 200 kúrò, kí ẹ wá fi iye gbogbo jíjù pín in. Nínú Google Sheets, bó ṣe máa rí nìyí:

=(8.4*C2+330*D2+100*A2-200*E2)/B2

Ẹ fi Joe Burrow ti LSU ní 2019 dán an wò: 402 nínú 527, yáàdì 5,671, touchdown 60, ìjágbà 6. Ó gbọ́dọ̀ jáde sí 202.0. Bí kò bá jáde bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gbé A àti B sí ipò ara wọn. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyẹn. Ti Daniels ní 2023 (236 nínú 327, touchdown 40, ìjágbà 4) jẹ́ 208.0.

Ẹ má fi máàkì yìí wé ti NFL, líìgì àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́ ṣe, láé. Ti NFL kì í kọjá 158.3, òfin ìṣirò rẹ̀ sì yàtọ̀ pátápátá. Tí ẹ bá rí ẹni tó ní “158 ni ọmọ yìí gbà ní yunifásítì, ó pé pérépéré,” ẹ kàn rín ẹ̀rín.

Báwo ni nọ́ńbà 8.4, 330 àti àwọn yòókù ṣe jẹ́? Wọ́n wo sáà 1965 sí 1978, wọ́n sì tò ó kí ìpíndọ́gba ìgbà yẹn lè bọ́ sí 100. Nígbà náà, jíjù 47 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń délé. Lónìí ó ti kọjá 60. Nítorí náà, 100 tó túmọ̀ sí “kò burú” nígbà náà ti di ohun tí wọ́n lè tìtorí rẹ̀ gba ipò lọ́wọ́ kọ́tàbáàkì òde òní. Ìpíndọ́gba ìsinsìnyí ti lé ní 130.

Ẹ jẹ́ ká tú inú máàkì náà wò dáadáa, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò ó láìmọ ohun tó ń yìn. Jíjù tó délé ní 100, yáàdì kan ní 8.4. Ìyẹn ni pé gbígbá bọ́ọ̀lù mú lásán, kó tó sún síwájú rárá, tó yáàdì 12. Ẹ gbé àpẹẹrẹ yìí yẹ̀ wò. Kọ́tàbáàkì kan ju bọ́ọ̀lù kúkúrú sí ẹ̀gbẹ́ nígbà méjì, méjèèjì délé, wọ́n sì mú olùgbà mọ́lẹ̀ lójú ẹsẹ̀: yáàdì òdo. Máàkì rẹ̀ jẹ́ 100. Èkejì ju méjì: ọ̀kan bọ́ sílẹ̀, ọ̀kan délé fún yáàdì 12. Máàkì tiẹ̀ jẹ́ 100.4. Ẹgbẹ́ ní àǹfààní mẹ́rin, tí wọ́n ń pè ní dáùn, láti fi rin yáàdì mẹ́wàá kó tó gba dáùn tuntun. Síbẹ̀, ẹni tí kò kúrò lójú kan àti ẹni tó gbé ẹgbẹ́ rẹ̀ kọjá yáàdì mẹ́wàá yẹn, máàkì wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba!

Ti ìjágbà ló burú jù. Ẹni tó ju touchdown méjì àti ìjágbà mẹ́ta ní 660 níhìn-ín, wọ́n yọ 600 kúrò, ó ṣì jèrè 60. Ta ló máa wo irú ìdíje bẹ́ẹ̀ kó ní ọmọ náà jèrè? Lọ́dún 1990, Ty Detmer ti BYU ju ìjágbà 28, máàkì rẹ̀ sì jẹ́ 155.9. Ó gba Heisman.

Nítorí èyí, máàkì NCAA kò gbọ́dọ̀ dá dúró. Èyí tí a fẹ́ràn jù láti gbé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni AY/A, ìyẹn yáàdì tí a tún ṣe lórí jíjù kọ̀ọ̀kan: yáàdì, ẹ fi touchdown lọ́nà 20 kún un, ẹ yọ ìjágbà lọ́nà 45, ẹ fi iye jíjù pín in. Kò sí owó ọ̀fẹ́ kankan níbẹ̀ fún jíjù tó délé lásán, ìjágbà sì ń dun èèyàn bó ṣe yẹ kó dùn ún. Burrow 2019 jẹ́ 12.5. Daniels 2023 jẹ́ 13.6. Detmer 1990 wálẹ̀ sí 8.4. Symons, pẹ̀lú gbogbo yáàdì rẹ̀, jẹ́ 8.2, torí ìjágbà 22 ló ju ní 2003.

Sack: ẹrù tí wọ́n kó sí yàrá mìíràn

Ní NFL, yáàdì tí sack gbà máa ń jáde kúrò nínú yáàdì jíjù ẹgbẹ́. Ní yunifásítì, inú sísáré kọ́tàbáàkì ni wọ́n ń yọ ọ́ sí. Ohun tó ń tẹ̀yìn èyí yọ pọ̀. Kọ́tàbáàkì tó ń di bọ́ọ̀lù mú jù máa ń dà bíi pé ó ń jù dáadáa, torí sack kò kan ìlà jíjù rẹ̀. Ẹni tó sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ máa ń dà bí ẹni tí kò lè sáré.

Ká ní ìlà sísáré ọmọ kan kà báyìí: ìgbà 10, yáàdì 12. Ẹ máa rò pé ìgbín ni. Ẹ wo sack: mẹ́rin, yáàdì 31. Ẹ yọ mẹ́rin kúrò nínú mẹ́wàá, ó ku mẹ́fà. Ẹ dá 31 padà sórí 12, ó di 43. Ìgbà mẹ́fà, yáàdì 43: ó ju yáàdì méje lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹsẹ̀ ọmọ yìí yá.

Níbi tí ẹ ti mú sack kúrò, ẹ gbé e lọ síbi tó yẹ, ìyẹn jíjù, kí AY/A di ANY/A, ìyẹn AY/A tó ti ka sack mọ́ ọn:

=(C2+20*D2-45*E2-G2)/(B2+F2)

Ìdíje kan, láti òkè délẹ̀

Ẹ jẹ́ ká lo ọmọ yẹn kan náà. Àpẹẹrẹ la dá, kì í ṣe ìdíje ẹnikẹ́ni. Ó ju 24 tó délé nínú 35, yáàdì 262, touchdown 2, ìjágbà 1.

Máàkì NCAA: 2,200.8 látinú yáàdì, 660 látinú touchdown, 2,400 látinú èyí tó délé, ẹ yọ 200. Ó jẹ́ 5,060.8. Ẹ fi 35 pín in: 144.6. Ó dára. Ìròyìn àárọ̀ ọjọ́ kejì á ní ó gbìyànjú.

AY/A: 262, ẹ fi 40 kún un, ẹ yọ 45, ó ku 257. Ẹ fi 35 pín in: 7.3. Ṣé ó ṣì dára? Ó wà láàárín. Ẹ wá fi sack mẹ́rin tó gba yáàdì 31 sí i: 226, tí a fi 39 pín, jẹ́ 5.8. Ó ti ń lọ sílẹ̀.

Nísinsìnyí ẹ ṣí àkọsílẹ̀ eré kọ̀ọ̀kan. Ẹ rí i pé nígbà tó ku ìṣẹ́jú márùn-ún, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi ojúàmì 25 wà lẹ́yìn, tí alátakò sì ti kó àwọn ọmọ kékeré wọlé láti wá ṣọ́ ilé, ó ju 7 nínú 8, yáàdì 81, touchdown kan. Ẹ yọ gbogbo rẹ̀. Ohun tó kù: 17 nínú 27, yáàdì 181, touchdown 1, ìjágbà 1, sack mẹ́rin. Máàkì NCAA di 124.1. ANY/A di 4.0. Ọmọ tó gba 144.6 láàárọ̀ kò ran ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rárá nígbà tí ìdíje ṣì gbóná.

Ibo ni kí ẹ fa ìlà eré aláìlérè, ìyẹn eré tí kò lè yí èsì ìdíje padà mọ́, sí? Touchdown pẹ̀lú àfikún ojúàmì méjì jẹ́ 8, nítorí náà ẹni tó fi 17 ṣáájú, ìgbà mẹ́ta ni alátakò gbọ́dọ̀ gbá wọlé kó tó bá a. Ẹni tó fi 25 ṣáájú, ìgbà mẹ́rin. Àwa máa ń yọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ ní ìdá kẹrin ìdíje nígbà tí àlàfo bá tó 17, àti ní ìdá kẹta nígbà tó bá tó 25. Ẹ lè fà á síbòmíràn. Kìkì kí ẹ fà á kí ẹ tó wo orúkọ kọ́tàbáàkì, torí bí ẹ bá ti mọ ẹni tí ẹ fẹ́ràn, ìlà náà á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Ta ni wọ́n bá gbá?

Àlàfo láàárín ẹgbẹ́ yunifásítì kò ṣeé fi wé ti NFL. Ẹgbẹ́ ńlá nínú FBS, ìpele òkè bọ́ọ̀lù yunifásítì, sábà máa ń ra ìdíje kan lọ́dún pẹ̀lú ẹgbẹ́ FCS, ìpele tó tẹ̀ lé e, tí sukọ́láṣípù àwọn yẹn kò tó tiwọn, wọ́n á sì fi ojúàmì àádọ́ta nà wọ́n. Touchdown márùn-ún tó jù lọ́jọ́ yẹn wà nínú àpapọ̀ rẹ̀. Ẹ yọ ìdíje náà látòkèdélẹ̀.

Fún èyí tó kù, ẹ wá máàkì NCAA tí alátakò kọ̀ọ̀kan máa ń jẹ́ kí kọ́tàbáàkì gbà lára rẹ̀. NCAA ń tẹ̀ ẹ́ jáde fún gbogbo ẹgbẹ́. Ẹ yọ ìdíje tí kọ́tàbáàkì yín bá wọn gbá kúrò níbẹ̀ kí ẹ tó lò ó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ máa fi ọmọ náà wé ara rẹ̀. Bí alátakò bá ń gbà kí àwọn yòókù rí 118, tí tiyín rí 140, ó jẹ́ +22. Bí alátakò mìíràn bá ń gbà kí wọ́n rí 150, tí tiyín rí 145, ó jẹ́ −5, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 145 ju 140 lọ. Ẹ wọn ìyàtọ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iye jíjù ọjọ́ náà kí ẹ tó wá ìpíndọ́gba, kí ìdíje tó ti ju ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá má baà dọ́gba pẹ̀lú èyí tó ti ju ogójì.

Dáùn, àti ohun tó kù láti rìn

Ní dáùn kẹta, tó ku yáàdì 12, ó ju èyí tó délé fún yáàdì 7. Gbogbo òǹkà tí a ti kà bọ̀ yìn ín. Ẹgbẹ́ rẹ̀ sì gbá bọ́ọ̀lù dànù fún alátakò. Láti mú irú èyí, ẹ ka eré kọ̀ọ̀kan sí “ó yege” tàbí “kò yege”: ní dáùn kìíní, ó gbọ́dọ̀ rí ìdajì ohun tó kù, ní dáùn kejì, ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún, ní ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin, gbogbo rẹ̀. Sack kò yege. Ìjágbà kò yege. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, ó ń gba àkókò, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń fi kọ́tàbáàkì tó ń ju bọ́ọ̀lù láti fi tọ́jú nọ́ńbà ara rẹ̀ hàn kedere tó o.

Bí ẹ kò bá fẹ́ ka á fúnra yín, EPA ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀: ó ń wo ojúàmì tí ẹgbẹ́ lè retí láti ibi tí wọ́n wà kí eré tó bẹ̀rẹ̀, àti lẹ́yìn tó parí. Ẹ máa rí i lórí CollegeFootballData. QBR, ìyẹn máàkì kọ́tàbáàkì ti ESPN, tó máa ń lọ láti 0 dé 100 tí 50 sì jẹ́ àárín, ti ka sack, sísáré àti agbára alátakò mọ́ ọn. Àléébù rẹ̀ ni pé wọn kò tú ìṣirò rẹ̀ sílẹ̀ tán fún ará ìta, ẹ kò lè yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹ ṣe yẹ máàkì NCAA wò.

Ẹni tó ń sáré

Lọ́dún 2016, Lamar Jackson ti Louisville ní máàkì 148.8, jíjù rẹ̀ tó délé kò sì ju 56 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ kò ní mọ ìdí tó fi gba Heisman. Ẹ fi sísáré kún un: ìgbà 260, yáàdì 1,571, touchdown 21. Gbogbo eré tó ṣe jẹ́ 669, yáàdì 5,114, touchdown 51, yáàdì 7.6 lórí eré kan. Daniels ní 2023 ju ìgbà 327, sáré ìgbà 135, ó sì rí yáàdì 4,946: 10.7 lórí eré kan. Ẹ ṣe àròpọ̀ yìí fún gbogbo kọ́tàbáàkì tí ẹ bá ń wé, títí kan àwọn tí kì í sáré.

Ìdíje mélòó ló tó?

Ó pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ká ní agbára ọmọ kan gan-an ni pé kí 65 nínú ọgọ́rùn-ún délé. Bó bá ju 30 lọ́jọ́ kan, oríire àti òṣì nìkan lè gbé e láti 48 dé 82, láìjẹ́ pé ohunkóhun yí padà lára rẹ̀. Lórí jíjù 400, àyè yẹn á dín kù sí nǹkan bíi 60 dé 70. Nítorí náà ìdíje kan kò tó fún ìdájọ́, mẹ́ta kò sì tíì tó.

Ti ìjágbà tún le jù. Ẹni tó ju mẹ́fà lórí jíjù 300, ó lè ju mẹ́rin tàbí mẹ́jọ lọ́dún tó ń bọ̀ kó sì jẹ́ ọmọ kan náà. Ẹ má gbé ìtàn kalẹ̀ lórí ìjágbà méjì.

Bí ẹ bá sì ń fi sáà kan wé sáà mìíràn, ẹ rántí pé ọdún 2002 ni NCAA tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìdíje bowl, ìyẹn àwọn ìdíje àfikún lẹ́yìn sáà, mọ́ ti sáà. 5,188 yáàdì Detmer ní 1990 kò ní bowl nínú, 5,671 ti Burrow ní in, ìdíje 15 ló sì gbá. Láti 2023, aago FBS kì í dúró mọ́ nígbà tí ẹgbẹ́ bá gba dáùn kìíní tuntun, àyàfi ní ìṣẹ́jú méjì tó kẹ́yìn ìdajì kọ̀ọ̀kan. Eré dín kù lọ́jọ́ ìdíje. Ẹ lo òǹkà orí jíjù kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ti orí ìdíje kọ̀ọ̀kan sílẹ̀.

Ohun tí kì í ṣe tiẹ̀

Ní 2020, Mac Jones ti Alabama gba máàkì 203.1, ó ga ju ti Burrow lọ. Ta ló gbé Heisman ọdún náà? DeVonta Smith, ọ̀kan nínú àwọn tó ń gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀, tó kó yáàdì 1,856 àti touchdown 23 jọ. Burrow náà ní Ja'Marr Chase (1,780) àti Justin Jefferson (1,540) ní 2019. Àwọn tó ń ṣọ́ kọ́tàbáàkì náà ń kó nọ́ńbà fún un láìjẹ́ pé orúkọ wọn hàn níbìkan. Ní Michigan lọ́dún 2022, ọmọ tó ń jẹ́ Olusegun Oluwatimi ló dúró sáàárín níwájú J.J. McCarthy, ó gba àmì ẹ̀yẹ Outland àti Rimington papọ̀. Jíjù 322 tí McCarthy ju lọ́dún yẹn pẹ̀lú ìjágbà 5, ẹ fi díẹ̀ lára rẹ̀ sí àpò Ṣẹ́gun.

Kò sí òǹkà kan tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀ tán. Ohun tó ṣeé ṣe ni pé kí ẹ fi òpó kan kún tábìlì yín: ta ló ń gbà á, ta ló ń ṣọ́ ọ, ta sì ni kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ wo kọ́tàbáàkì kejì ẹgbẹ́ náà: bí òun náà bá dé tí nọ́ńbà kò sì yí padà, ẹ mọ ibi tí agbára wà. Ẹ sì wo ọdún tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá lọ. Josh Allen ní Wyoming rí yáàdì 8.6 lórí jíjù kan ní 2016. Àwọn olùgbà tó gbára lé parí ẹ̀kọ́ wọn, ó sì bọ́ sí 6.7 ní 2017. Jíjù rẹ̀ tó délé wà ní 56 nínú ọgọ́rùn-ún ní ọdún méjèèjì. Síbẹ̀ Buffalo, ẹgbẹ́ NFL kan, mú un ṣe ìkeje nínú yíyàn àwọn ọmọ tuntun ní 2018, ó sì dé 69 nínú ọgọ́rùn-ún ní NFL ní 2020. Tábìlì yín kò purọ́ nípa Wyoming. Buffalo ni kò sí nínú rẹ̀.